Géèjì Àgbà Méjì

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí Waheedat, ọmọ Alhaji Sànní oníṣáddà ní Sábọ́n Gàrí, ṣe fi ìwé kan ṣoṣo sin ọ̀gá méjì, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ni ó ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní ẹ̀ka físíìsì ní yunifásítì tí ó wà ní Sàmárù, ní Zaria, àti pé àwọn méjèèjì kì í kí ara wọn.

Kì í ṣe ìjà ni ó fà á. Bí ó bá jẹ́ ìjà ni, àwọn àgbà ìjọ ní Wúsásà ì bá ti bá wọn parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni ẹ̀gbọ́n ni. Wọ́n bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbọlá ṣáájú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀. Èyí kò ní àríyànjiyàn nínú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ sì ti ń kọ́ni ní ẹ̀ka náà kí Adégbọlá tó ti òkè òkun dé. Èyí náà kò ní àríyànjiyàn nínú. Adégbọlá ń ka ipò àgbà láti ọjọ́ tí a bí ènìyàn. Ọládàpọ̀ ń kà á bí a ti ń kà á fún àwọn ìyàwó nínú agbo ilé: ẹni tí ó bá kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ìbáà ṣe pé ẹni tí ó wọlé tẹ̀lé e lè gbé e pọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí ó sì jẹ́ pé àbúrò ni í kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n, olúkúlùkù wọn ń dúró de "ẹ káàárọ̀" èkejì rẹ̀, ìdúró náà sì ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi hu ewú. Bí wọ́n bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kan á máa wo aago ọwọ́ rẹ̀, èkejì á máa wo àjà bí ẹni pé ó ń jò.

Bí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá wà láàárín wọn, Susanna akọ̀wé, ọmọ Wúsásà, ni ó ń bá wọn gbé e láti yàrá dé yàrá. Obìnrin náà kò sì fẹ́ràn láti máa ru ẹ̀gún. Bí èyí bá ní, "Sọ fún aláìgbọ́n yẹn pé kó dá ìwé mi padà," ohun tí Susanna yóò sọ lọ́hùn-ún ni pé, "Wọ́n ní kí n kí yín, sà, wọ́n sì ń bẹ̀ yín fún ìwé náà." Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì ti ń kí ara wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọn kò kàn mọ̀ ni.

Ibi tí Waheedat bọ́ sí nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Iṣẹ́ dìgírì kejì rẹ̀ dá lórí ẹ̀ríàlì: bí mànàmáná bá ń lọ sókè sódò nínú wáyà kúkúrú kan, báwo ni pápá mànàmáná àti pápá òòfà ṣe ń tàn ká láti ara wáyà náà títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ń gbọ́ rédíò ní òdìkejì ìlú? Àwọn pápá yìí ni ó wà ní tòótọ́. Àwọn ni ó ń ti abẹ́rẹ́ inú ẹ̀rọ ìwọ̀n, àwọn ni ó ń mú rédíò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò wọn le, nítorí náà ni àwọn onímọ̀ ṣe máa ń kọ́kọ́ ṣírò ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní pòtẹ́ńṣà, tí wọn yóò sì wá fa pápá yọ lára rẹ̀, bí a ti ń fún òróró lára ẹ̀pà. Pòtẹ́ńṣà kò sì ní ìrísí kan pàtó. A lè yí i padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà kí pápá tí ó jáde lára rẹ̀ má sì yẹ̀ rárá. Ìpinnu tí ènìyàn bá ṣe lórí ìrísí tí ó fẹ́ ni wọ́n ń pè ní géèjì.

Géèjì Lorenz ni Adégbọlá gbà gbọ́. Nínú rẹ̀, pòtẹ́ńṣà ń rìn ní ìyára ìmọ́lẹ̀, kì í yá jù, kì í sì í pẹ́ jù. Géèjì Coulomb ni ti Ọládàpọ̀. Pòtẹ́ńṣà méjì ni à ń ṣírò pọ̀, nínú èyí, ọ̀kan nínú wọn kì í rìn rárá: bí wáyà bá mi ní Sàmárù, ó ti wà ní Kánò, ó ti wà lójú òṣùpá, lọ́gán, láìgba àkókò kankan. Ohun tí eléyìí bá sì fi ìwàǹwára bàjẹ́, pòtẹ́ńṣà kejì á tún un ṣe, tí pápá fúnra rẹ̀ yóò fi dé ní àsìkò rẹ̀ gan-an.

Orí kẹta ìwé Waheedat, níbi tí ó ti yẹ kí ó yan géèjì, ni ó há sí gbogbo wọn lọ́fun.

"Waheedat," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbọlá wí, ó sì fi ìka gbá ojú ìwé náà, "ta ni ó kọ́ ọ ní ìwà báyìí? Pòtẹ́ńṣà tí ó dé ṣáájú ìmọ́lẹ̀! Ǹjẹ́ o rí àlejò tí ó dé kí ó tó gbéra rí?"

"Rárá, sà."

"Lọ tún un kọ."

Ó tún un kọ, ó gbé e tọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ lọ.

"Lorenz." Ọládàpọ̀ pe orúkọ náà bí ẹni tí ó rí irun nínú ọbẹ̀. "Ọmọ mi, ta ni ó fojú rí pòtẹ́ńṣà rí? Pápá ni à ń rí. Kí pòtẹ́ńṣà sáré, kí ó jókòó, kí ó fò, kí ni ó kan aráyé? Coulomb mọ́ tónítóní. Bí a ti ń ṣe é níbí nìyẹn kí àwọn kan tó kó ẹrù dé."

"Ṣùgbọ́n sà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbọlá ní—"

"Ta ni?"

Ó tún un kọ.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá jẹ́ ẹ̀fẹ̀ lásán bí kò bá sí ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ̀ka náà ti fi àyè olùkọ́ kan pa mọ́ de Waheedat, wọn kò sì lè fún un láìjẹ́ pé dìgírì kejì náà ti bọ́ sí i lọ́wọ́ kí sáà tuntun tó wọlé. Olùyẹ̀wò láti ìta yóò wá lẹ́ẹ̀kan péré. Ní ọjọ́ náà, òun àti àwọn alábòójútó méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé náà. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá yẹ̀, ó di ọdún tí ń bọ̀, àyè náà á sì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin náà mọ èyí, ó sì ń gbé e sùn, ó ń gbé e jí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Sábọ́n Gàrí, ó ń jẹ àkàrà láìmọ adùn rẹ̀. Alhaji ti lọ sí mọ́sálásí. Ìyá rẹ̀, Hàwáù, ni ó wà lórí ọjà.

"Ìwé wo ni à ń kọ tí kì í tán?" ni Hàwáù bi í. "Haba, Waheedat! Ẹni tí ó ń kọ Àlùkùránì sí wàláà ì bá ti kọ ọ́ tán, ì bá sì ti ṣe wọ̀límọ̀."

"Ìyá, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ẹ wo òkè Kúfénà. Bí ẹ bá wọn gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ Wúsásà, iye kan ni ẹ ó rí. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n láti etí òkun ní Èkó, iye mìíràn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gùn ún láti ìsàlẹ̀ dé orí, bákan náà ni yóò ṣe làágùn. Ọ̀gá mi kan ní etí òkun ni kí n ti wọ̀n ọ́n. Ìkejì ní àfi Wúsásà."

"Ṣé òkè náà ń lọ síbì kan ni?"

"Kò lọ síbì kankan."

"Wọ́n sì mọ̀ pé kò lọ síbì kankan?"

"Wọ́n mọ̀ dáadáa. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi."

Hàwáù pàtẹ́wọ́. "Wallahi, orogún ni wọ́n. Bí a bá ní kí orogún méjì fẹnu kò lórí iyọ̀ ọbẹ̀, ebi ni yóò pa ọkọ."

Ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ ni obìnrin kan ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ìyàwó ọ̀gá kan ní Hanwa, ó sì mú aṣọ ṣáddà aláwọ̀ sányán kan lọ́wọ́. "Eélòó ni, Alhaja?"

Hàwáù kò dárúkọ iye kankan. "Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án ná. Ẹ nà án sí oòrùn. Ẹni tí ó mọ aṣọ ni yín. Ohun tí ẹ bá rí i pé ó tọ́ sí i ni kí ẹ dá lé e."

Obìnrin náà fọwọ́ kan aṣọ, ó nà án sí oòrùn, ó sì dá iye kan lé e tí inú òun fúnra rẹ̀ dùn sí. Kò pẹ́ tí ó lọ tán ni oníṣòwò kan láti àdúgbò PZ dé, tí ó mú lára ìgàn kan náà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Hàwáù sọ fún un. Ọkùnrin yìí dá iye tirẹ̀. Kì í ṣe iye ti obìnrin yẹn, ṣùgbọ́n òun náà lọ pẹ̀lú ẹ̀rín, nítorí ẹnu rẹ̀ ni ó fi dá a.

Àkàrà dúró sí Waheedat lẹ́nu.

"Kí ló dé? Ata ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ìyá, ẹ ò dá iye kankan."

"Kí ni mo fẹ́ dá a fún? Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dá iye ni wọ́n ń bá jà."

Ó ti wà nínú ohun tí Waheedat ti kà pé a lè fi lẹ́tà lásán, v, dúró fún ìyára pòtẹ́ńṣà, kí a má sì dá iye kankan lé e. Bí a bá fi ìyára ìmọ́lẹ̀ sípò v, géèjì Lorenz ni yóò jáde, láìṣẹ́kù. Bí a bá jẹ́ kí v tóbi títí ó fi kọjá gbogbo ìwọ̀n, géèjì Coulomb ni yóò jáde, láìṣẹ́kù. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé òpin ìṣirò, v yóò pa ara rẹ̀ rẹ́ kí pápá tó jáde, kò sì ní fi ipasẹ̀ kan sílẹ̀. Ó ti kà á, ó sì ti gbójú fò ó, bí a ti ń gbójú fo ọjà tí a kò tíì ní oníbàárà rẹ̀.

Ní ilé, ó tún orí kẹta náà kọ ní àtúnkọ ìkẹyìn. Ibi gbogbo tí ó yẹ kí ó ti dárúkọ ìyára pòtẹ́ńṣà, v ni ó kọ síbẹ̀: lẹ́tà tí kò sí nínú ábídí Yorùbá, tí kò sì ní ìbátan kankan ní ẹ̀ka náà tí yóò béèrè pé ọmọ ta ni.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégbọlá ni ó kọ́kọ́ gbé e lọ fún. Bàbá náà ti awò rẹ̀ sókè. "Kí ni v yìí?"

"Ìyára ni, sà. Ẹ fi èyí tí ó bá wù yín sí i."

"Èyí tí ó tọ́ ni ó ń wù mí." Ó fi ìyára ìmọ́lẹ̀ sí i, ó ṣírò díẹ̀ sí etí ìwé, ojú rẹ̀ sì ṣí bí ilẹ̀kùn ọjà ní òwúrọ̀. "Lorenz! O ti gbọ́n níkẹyìn. Ṣé ó ti rí i?"

"Ta ni, sà?"

"Ẹni yẹn."

"Mo ń mú un lọ fún wọn báyìí, sà."

"Má sọ fún un pé mo rẹ́rìn-ín."

"N kò ní sọ ọ́, sà."

Ó sọdá sí yàrá kejì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládàpọ̀ kò tilẹ̀ béèrè ohun tí v jẹ́. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ya àmì àìlópin sípò rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ tí ó dùbúlẹ̀, ó sì wo bí gbogbo ìṣirò náà ṣe wálẹ̀ di Coulomb.

"Ẹnì kejì gba èyí?"

"Wọ́n gbà á, sà."

"Láìjà?"

"Láìjà, sà."

Ọládàpọ̀ fẹ̀yìn ti àga. "Mo mọ̀ pé ọjọ́ kan ni ọmọ yẹn yóò dàgbà."

Waheedat kò pa irọ́ kankan. Òtítọ́ tí wọn kò bi í ni kò sọ. Èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ì bá sì ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà bí ó bá lè rìn dé ẹnu ọ̀nà èkejì kí ó bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ kí ni, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ kí ni ti gbà pé àbúrò ni òun. Nítorí náà olúkúlùkù jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ń jẹ ìṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ìwé náà lọ bá olùyẹ̀wò.

Olùyẹ̀wò ọ̀hún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Hilda, obìnrin kúkúrú kan láti Jọ́ọ̀sì, tí kì í gbé ohùn sókè, tí kì í sì í tún ìbéèrè bi. Ní ọjọ́ ìdánwò àfẹnuṣe, òun ni ó jókòó sí àárín, Adégbọlá wà ní ọ̀tún rẹ̀, Ọládàpọ̀ wà ní òsì rẹ̀. Inú àwọn àgbà méjèèjì ń dùn. Waheedat dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà ní ṣíṣí lórí tábìlì, ó sì ń dáhùn bí ó ti yẹ. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ, nítorí Hilda kò gbọ́ Yorùbá.

Hilda ń ṣí ìwé náà lọ, ó ń ṣí i bọ̀. "Àwòrán pápá wà níbí, ó sì dára púpọ̀. Àwòrán pòtẹ́ńṣà dà?"

Ohun kan ṣoṣo tí Waheedat kò yà nínú gbogbo ìwé náà nìyẹn, nítorí a kò lè ya àwòrán lẹ́tà tí a kò dá iye lé.

"Mo fi í sílẹ̀, mà."

"Mo rí i pé o fi í sílẹ̀. Yà á fún mi. Eélòó ni v?"

Ọmọbìnrin náà la ẹnu. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá méjèèjì, tí olúkúlùkù fẹ́ ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu, lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìyára ìmọ́lẹ̀ ni," ni Adégbọlá wí.

"Àìlópin ni," ni Ọládàpọ̀ wí.

Adégbọlá tẹ̀ síwájú láti wo òsì Hilda, Ọládàpọ̀ tẹ̀ síwájú láti wo ọ̀tún rẹ̀, Yorùbá sì tú jáde lẹ́nu wọn bí omi tí ó ja ìdènà.

"Ìwọ, kí ni o wí?"

"Ta ni ò ń pè ní ìwọ? Èmi tí mo ti ń kọ́ni níbí kí o tó mọ ọ̀nà Sàmárù!"

"Wọ́n ti fá irun ọmọ tuntun lórí mi nígbà tí bàbá rẹ kò tíì mọ ìyá rẹ!"

"Irun ọ̀hún kò kúkú hù mọ́ láti ọjọ́ náà."

Adégbọlá fi ọwọ́ kan orí rẹ̀ láìmọ̀. Hilda wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yíjú sí Waheedat, ó sì rọra fi Háúsá bi í pé kí ni wọ́n ń wí: "Me suke cewa?"

Waheedat fi Háúsá dá a lóhùn pé wọ́n ń jíròrò lórí ibi tí ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀ òǹkà àkókò.

"A," ni Hilda wí. "Ìbéèrè tí ó jinlẹ̀ nìyẹn."

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ náà yé àwọn bàbá méjèèjì, ó sì yé wọn papọ̀. Wọ́n yíjú kúrò lára ara wọn, wọ́n gbé e lé ọmọ tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù.

"Waheedat!" Ohùn kan ṣoṣo ni ó jáde lẹ́nu méjì.

Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ kí orúkọ náà tó tán. "Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ jọ̀wọ́, sà. N kò parọ́ fún yín. Ẹ̀yin ni ẹ fọwọ́ ara yín fi iye sí i."

"O tà wá!" ni Adégbọlá wí.

"Ó ta ọjà kan náà fún wa," ni Ọládàpọ̀ gbè é lẹ́sẹ̀, "ó sì gbowó lọ́wọ́ àwa méjèèjì. Ọmọ oníṣáddà! Ṣé ọjà lo ka ìwé mi mọ́?"

"Ìwé *mi*," ni Adégbọlá wí.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni Hilda wí. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́. "Mo fẹ́ mọ ohun kan. Ǹjẹ́ v wà nínú èsì ọmọ yìí, nínú pápá tí ó ṣírò?"

"Kò sí níbẹ̀," ni Adégbọlá wí.

"Kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀," ni Ọládàpọ̀ wí. "Ta ni kò mọ̀yẹn?"

"Nítorí náà, iye tí ẹ bá pè é, pápá kan náà ni rédíò yóò gbọ́?"

Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbà á pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni tí a bi léèrè bóyá omi ń ṣàn.

"Nígbà náà iṣẹ́ náà yè kooro, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n n kì í fọwọ́ sí ìwé tí ó fi idà pamọ́ sínú àkọ̀. Orí kan tí ó ń sọ̀rọ̀ pòtẹ́ńṣà gbọ́dọ̀ fi pòtẹ́ńṣà hàn mí. Ẹ fún un ní iye kan. Kì í ṣe méjì. Jọ́ọ̀sì jìnnà, n kì í sì í rin ọ̀nà yẹn ní ìrọ̀lẹ́. Bí kò bá sí iye, mo ń lọ, a ó tún rí ara wa ní ọdún tí ń bọ̀."

"Kí ó kọ ìyára ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀," ni Adégbọlá wí.

"Kí n tó fọwọ́ sí ìyẹn, kí ọwọ́ mi rọ."

"Ṣé àìlópin ni èmi yóò wá fọwọ́ sí? Ohun tí ó dé Kánò kí ó tó kúrò ní Sàmárù?"

"O ò gbà á ní oṣù tó kọjá? Mo gbọ́ pé o rẹ́rìn-ín!"

"Ta ni ó sọ fún ọ?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi."

Hilda bọ́ awò rẹ̀, ó tì í sínú àpò rẹ̀. Ó dé ìdérí bírò rẹ̀, ó tì í sínú àpò. Ó mú ìwé Waheedat, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè fún un nínú àpò náà pẹ̀lú. Lórí ìkúnlẹ̀ tí ó wà, Waheedat rí ọdún kan gbáko tí ó ń wọ inú àpò aláwọ̀ dúdú yẹn. Ó rí àga olùkọ́ tí ẹlòmíràn jókòó sí. Ojú kò sì tì í mọ́, nítorí ẹni tí a ti pè ní oníṣòwò, kí ó kúkú ṣòwò.

"Sà," ni ó wí, "àti ẹ̀yin náà, sà. Bí ti Bàbá yìí kò bá ṣeé gbà, tí ti Bàbá yìí náà kò sì ṣeé gbà, ẹ jẹ́ kí a fi iye tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni sí i."

"Bí i kí ni?"

Kò tíì ronú débẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé. Lójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ìyeyè kan ń gun òkè bọ̀ pẹ̀lú èrò mẹ́rin àti àpò ìrẹsì, ó ń kérora bí ẹni tí inú ń run.

"Bí i… ìyára kẹ̀kẹ́, sà."

"Kẹ̀kẹ́ wo?"

"Kẹ̀kẹ́ NAPEP."

Hilda dá ọwọ́ dúró sínú àpò.

Waheedat sáré sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró. "Ìṣirò náà gbà á, sà. Kò sí ohun tí ó ní kí v má kéré. Bí wáyà bá mi ní Sàmárù, pápá á gbéra ní ìyára ìmọ́lẹ̀ bí ó ti ń ṣe. Á ti kọjá Kánò, á ti kọjá òṣùpá. Pòtẹ́ńṣà á ṣì wà ní oríta Kwàngílà, á máa dúró gbé èrò. Ìyàtọ̀ tí ó bá wà níbẹ̀, pòtẹ́ńṣà kejì á kó o kúrò, pápá á sì yọ jáde láìní àbàwọ́n."

Adégbọlá wo ọ̀rọ̀ náà yí po. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe Lorenz, ó sì dùn ún. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kì í ṣe Coulomb. Ọládàpọ̀ náà wò ó yí po. Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe Coulomb, ó sì ká a lára. Ṣùgbọ́n dájúdájú, dájúdájú, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe Lorenz.

"Ó kéré tán, ó ń rìn," ni Adégbọlá wí níkẹyìn. "Ó ní ibi tí ó ti gbéra."

"Ó kéré tán," ni Ọládàpọ̀ wí, "kò fọ́nnu pé ìmọ́lẹ̀ ni òun."

"Ṣé ẹ gbà?" ni Hilda bi wọ́n, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n díẹ̀, kì í ṣe ti ẹkún.

Wọ́n gbà. Waheedat fò dìde, ó tẹ iye náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sí wọn. Àwòrán náà jáde: pápá ti tàn lọ ní òbìrí òbìrí títí ó fi kúrò lójú ẹ̀rọ, pòtẹ́ńṣà sì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ wáyà bí ẹni tí kò rí owó ọkọ̀.

"Dúró ná," ni Ọládàpọ̀ wí. "Eélòó lo fi sí i?"

"Ogún kìlómítà ní wákàtí kan, sà."

"Ogún? Kẹ̀kẹ́ wo ni ó ń sá ogún? Kẹ̀kẹ́ tí ó ń gbé mi láti PZ a máa sá ogójì, àdúrà ni mo fi ń dé ilé."

"Kò sí kẹ̀kẹ́ tí ó ń sá ogójì ní Zaria," ni Adégbọlá wí. "Ẹ dákẹ́. Ní Hanwa níbi tí à ń gbé, pẹ̀lú ihò ojú ọ̀nà, bí ó bá pọ̀ jù, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ kẹ̀kẹ́! Kí ni ẹ mọ̀ nínú rẹ̀? Ọkọ̀ yín ni ẹ fi ń wo kẹ̀kẹ́."

"Ẹni tí ó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn ni ó mọ bí ó ṣe ń sáré!"

Hilda ti mú bírò rẹ̀ jáde padà. Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó sì sún un sí àárín wọn. "Níbí, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n," ni ó wí. Ọládàpọ̀ gba bírò láìwo ẹni tí ó nà án sí i, ó fọwọ́ sí i, ó ní bí awakọ̀ bá jẹ́ ọmọ Tùdún Wàdá a máa ju ogójì lọ. Adégbọlá já bírò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè fi ya gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Kwàngílà sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀; nígbà tí ó yà á tán, ó fọwọ́ sí i pẹ̀lú, ó ní kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń jiyàn jáde wá kí àwọn lọ wọ̀n ọ́n lójú títì báyìí.

Waheedat rọra fa ìwé náà kúrò lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ fún Hilda, ẹni tí ó ti fi aṣọ ìnujú bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó jáde, ó wo ọwọ́ mẹ́ta tí ó tò sísàlẹ̀ ìwé náà, lẹ́yìn náà ó sá lọ sí ọ́fíìsì ńlá tí wọ́n ti ń gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ wọlé, kí ó tó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà rántí béèrè pé orúkọ ta ni ó wà lókè orúkọ ta ni.